Bí Omi Tí A Bù ní Ọ̀sà Ẹ̀pẹ́ Ṣe Lè Dé Láàbù Láìyí Padà

Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo bá àwọn ọ̀gá mi lọ bu omi lórí ọ̀sà Ẹ̀pẹ́, ìgò 24 la gbé kúrò nílé, 24 náà la sì gbé padà. Kò sí èyí tó fọ́, kò sí èyí tó bọ́ sómi. Síbẹ̀, nígbà tí èsì jáde, 9 péré ló ṣe é lò. Yíǹkì ti ṣí lára àwọn kan, a ò mọ èyí tí a bù ní Ẹ̀jìnrìn yàtọ̀ sí èyí tí a bù ní ìdí èbúté mọ́. Yìnyín ti yọ́ tán mọ́ àwọn kan lára nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ọkọ̀. Àwọn yòókù, afẹ́fẹ́ ló kó sí wọn nínú. Bẹ́ẹ̀, nígbà tí a gúnlẹ̀ sí èbúté lọ́jọ́ náà, ńṣe là ń bára wa yọ̀ pé iṣẹ́ ti parí.

Ohun tí mo kọ́ níbẹ̀ ni pé omi tí ẹ bá bù sínú ìgò kì í dúró jẹ́ẹ́. Àwọn kòkòrò tí ojú lásán kò rí ṣì ń jẹun nínú rẹ̀, wọ́n ṣì ń mí, wọ́n ṣì ń bí sí i. Irin inú rẹ̀ ń lẹ̀ mọ́ ara ìgò. Ooru ń wọ̀ ọ́. Omi bíbù kò le, ọmọ ọdún márùn-ún mọ omi í bù. Kí omi náà dé láàbù bó ṣe wà lójú ọ̀sà gan-an, ibẹ̀ niṣẹ́ wà.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tó ń múra iṣẹ́ àṣekágbá ni mo ń bá sọ̀rọ̀ jù, àti ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá rán lọ bu omi àyẹ̀wò. Ẹ̀pẹ́ ni mo fi ń ṣe àpẹẹrẹ torí ibẹ̀ lẹsẹ̀ mi mọ̀, àmọ́ ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní Májídùn ní Ìkòròdú, tàbí létí omi Àgbádárìgì, á rí tirẹ̀ mú níbẹ̀.

Ìbéèrè yín ló ń yan ìgò

Kí ẹ tó ra ìgò kan ṣoṣo, ẹ jókòó kí ẹ kọ ohun tí ẹ fẹ́ mọ̀ nípa omi náà sílẹ̀. Mo ti rí ẹni tó ṣa ìgò omi tí àwọn èèyàn mu tán jọ, tó fọ̀ wọ́n mọ́ tónítóní, tó sì fẹ́ fi ṣe gbogbo àyẹ̀wò. Wàhálà lásán ni.

Tó bá jẹ́ irin bí òjé, síǹkì tàbí cadmium lẹ ń wá, ìgò ike tó nípọn ni kí ẹ lò, kí ẹ fi ásíìdì náítíríìkì tó jẹ́ ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ ẹ́ mọ́jú, kí ẹ wá fi omi distilled, omi tí wọ́n ti yọ èròjà inú rẹ̀ kúrò, ṣàn án dáadáa. Tó bá jẹ́ epo tàbí oògùn apakòkòrò oko, ike kò dára, torí epo á lẹ̀ mọ́ ọn lára. Ìgò gíláàsì aláwọ̀ búráùn, irú èyí tí wọ́n ń rọ oògùn ikọ́ sí, ló yẹ. Tó bá jẹ́ kòkòrò inú ìgbẹ́ bí E. coli, ẹ gba ìgò tí láàbù ti fi ooru pa gbogbo kòkòrò inú rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má sì ṣí i títí ẹ ó fi dé ojú omi gan-an.

Omi ẹ̀rọ tí wọ́n ti fi kúlórín sí tún ní ọgbọ́n tirẹ̀. Ẹ ní kí láàbù bá yín fi sodium thiosulphate díẹ̀ sínú ìgò náà ṣáájú. Òun ló ń pa agbára kúlórín. Láìsí i, kúlórín á máa pa kòkòrò lọ nínú kúlà yín títí ẹ ó fi délé, ẹ ó wá kọ ọ́ síwèé pé omi tí kò mọ́ mọ́.

Bẹ́ẹ̀ ni ojúkò kan ṣoṣo, ìyẹn ibi tí ẹ ti ń bu omi, ṣe lè gba ìgò márùn-ún. Ojúkò mẹ́wàá, àádọ́ta ìgò. Ẹ wo kúlà yín, ẹ wo ọkọ̀, ẹ tún wo àpò yín. Lójú tèmi, ojúkò mẹ́fà tí ẹ ṣe dáadáa sàn ju ogún tí kò nórí tí kò nídìí lọ.

Ẹ mọ omi tí ẹ ń lọ bù

Ọ̀sà Ẹ̀pẹ́ wà láàárín ọ̀sà Lẹ́kì tó wà lápá ìlà-oòrùn rẹ̀ àti ọ̀sà Èkó tó wà lápá ìwọ̀-oòrùn. Odò Ọ̀ṣun tó gba Òṣogbo kọjá, inú ọ̀sà Lẹ́kì ló ń tú sí. Odò Ògùn ní tirẹ̀ ń wọ ọ̀sà Èkó lápá Ìkòròdú. Ẹnu ọ̀nà èbúté Èkó ni àwọn ọ̀sà wọ̀nyí ti ń bá òkun pàdé. Nítorí náà, omi tí ẹ bù ní Ẹ̀pẹ́ ti rìn jìnnà kó tó débẹ̀, ó sì lè ru ẹrù tí kì í ṣe ti Ẹ̀pẹ́ wá.

Omi òkun ní ìyọ̀ tó tó gíráàmù 35 nínú kìlógíráàmù kan. Nígbà òjò, àwọn odò á máa ti omi aláìníyọ̀ wọ ọ̀sà, ìyọ̀ inú rẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Tí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, tí odò fà, òkun á rọ́nà wọlé díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó bu omi lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ní oṣù Keje, tó wá kọ ọ́ pé omi ọ̀sà kò níyọ̀, kò parọ́, àmọ́ ìdajì ọ̀rọ̀ ló sọ. Bí ẹ kò bá lówó ju ìrìn méjì lọ, ẹ jẹ́ kí ọ̀kan bọ́ sígbà òjò kí èkejì bọ́ sí ẹ̀ẹ̀rùn.

Lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ ni òkun ń ga tó sì ń fà. Bí ẹ bá ṣe súnmọ́ ẹnu òkun tó ni ẹ ó ṣe rí i tó. Ní Ẹ̀pẹ́ kò fi bẹ́ẹ̀ lágbára. Síbẹ̀, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ bóyá omi ń wọlé ni tàbí ó ń jáde nígbà tí ẹ dé ojúkò kọ̀ọ̀kan.

Aago náà ṣe pàtàkì. Lójú oòrùn, ewéko inú omi ń tú ọ́síjìn jáde. Tí ilẹ̀ bá ṣú, gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ ń mí ọ́síjìn sínú, kò sì sí ẹni tó ń dá a padà. Ó fi jẹ́ pé ìdájí, kí oòrùn tó yọ, ni ọ́síjìn máa ń kéré jù. Tí ẹ bá dé ojúkò kìíní ní aago méje òwúrọ̀ lóṣù yìí, tí ẹ wá débẹ̀ ní aago mẹ́ta ọ̀sán lóṣù tó ń bọ̀, aago lẹ fi wéra, kì í ṣe omi.

Ẹ ó sì bá water hyacinth pàdé, koríko olódòdó elésè-àlùkò tó ń léfòó yẹn. Ọdún 1984 ni wọ́n kọ́kọ́ rí i nílẹ̀ wa, ní omi Àgbádárìgì, tó gba ọ̀nà omi Àjàṣẹ́ wọlé láti ilẹ̀ Benin. Tó bá ti bo ojú omi, ọ́síjìn abẹ́ rẹ̀ á lọ sílẹ̀. Ẹ má fi ipá wa ọkọ̀ wọ inú rẹ̀, ó máa ń lọ́ mọ́ abẹ ẹ̀ńjìnnì. Ẹ bu omi létí rẹ̀, kí ẹ sì kọ ọ́ pé etí koríko ni.

Ẹ kí àwọn onílé

Omi kò ní géètì, àmọ́ ó lónílé. Abúlé apẹja kọ̀ọ̀kan ní baálẹ̀, ó ní àwọn àgbà, ó ní àwọn ìyá ẹlẹ́ja. Bí wọ́n bá ṣàdédé rí yín pẹ̀lú ìgò àti ẹ̀rọ tó ń dún, ohun tó máa kọ́kọ́ sọ sí wọn lọ́kàn ni pé ẹ wá wọn ilẹ̀, tàbí pé àwọn tó ń wa iyanrìn ló rán yín. Ọ̀rọ̀ iyanrìn wíwà kì í ṣe ohun tí apẹja fi ń ṣeré.

Ẹ lọ ní ọjọ́ méjì-mẹ́ta ṣáájú. Ẹ kí baálẹ̀ bó ti yẹ, ẹ sọ ilé ẹ̀kọ́ tí ẹ ti wá, ẹ fi ìgò òfìfo hàn wọ́n. Ẹ béèrè ibi tó jẹ́ èèwọ̀ àti ọjọ́ tí wọn kì í wọ omi. Bí ojúkò yín bá bọ́ sí ibẹ̀, ẹ má jiyàn. Ẹ sún un sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí ẹ kọ ọ́ síwèé pé ẹ sún un.

Ẹ kì í ṣe wọ́n lóore o, àwọn ló ń ṣe yín lóore. Mo ti fàmì sí ojúkò kan rí lórí máàpù, mo ní àárín omi ni. Apẹja kan wo fóònù mi, ó rẹ́rìn-ín: "Ẹ̀gbọ́n, ẹsẹ̀ la fi ń rìn kọjá níbẹ̀ lẹ́ẹ̀rùn." Bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣe bá a. Ọ̀sà wa kò jìn. Ọ̀pọ̀ ibi ni kò ju mítà méjì-mẹ́ta lọ.

Ẹ bá ọlọ́kọ̀ náà dúnàádúrà tán lórí ilẹ̀. Ẹ jẹ́ kó yé e pé ẹ máa dúró ogún ìṣẹ́jú lójú kan, ẹ̀ńjìnnì á kú, á tún jí, á tún kú. Owó èrò tó ń sọdá kọ́ nìyẹn.

Alẹ́ tó ṣáájú

Ẹni tó bá da omi síwájú á tẹlẹ̀ tútù. Lálẹ́ yẹn, ẹ fi omi òṣùwọ̀n pH 4, 7 àti 10 tún ẹ̀rọ pH yín, èyí tó ń wọn bí omi ṣe kan tó, ṣe kó lè péye, ẹ yẹ bátìrì wò, ẹ mú òmíràn dání.

Ẹ kọ orúkọ sára ìgò nígbà tó ṣì gbẹ. Pẹ́ńsù ni kí ẹ fi kọ ọ́ sórí téèpù ìwé, kí ẹ wá fi sẹ́lótéèpù tó ń dán bò ó. Bírò ń ṣí. Máákà tí wọ́n ní kì í parẹ́ náà, tí spirit bá ti kàn án, ó di ìtàn. Ara ìgò ni kí ẹ sì kọ ọ́ sí, kì í ṣe orí ìdérí. Nínú ọkọ̀ tó ń mì, ìdérí máa ń pààrọ̀ olówó.

Ti yìnyín, èyí tí àwọn ẹlẹ́ja ń rà, ẹja ló dára fún. Tó bá yọ́, omi rẹ̀ á bo ẹnu ìgò yín, kòkòrò inú rẹ̀ á sì wá ọ̀nà wọlé. Èmi, pure water tó ti dì gbagidi ni mo máa ń kó sí kúlà. Àpò kan, ogún ọ̀rá. Kì í jò tó bá yọ́, a sì ń rí omi fọwọ́ nígbà tí a bá ń bọ̀. Ẹ dé kúlà náà ní alẹ́ pẹ̀lú yìnyín díẹ̀ nínú rẹ̀, kí ó ti tutù kí ìgò tó wọlé, torí kúlà tó gbóná ló ń kọ́kọ́ jẹ yìnyín yín tán.

Lójú omi

Ẹ̀wù tó ń múni léfòó kọ́kọ́, kí ẹsẹ̀ tó wọ ọkọ̀. Ẹni tó mọ̀ ọ́n wẹ̀ náà á wọ̀ ọ́. Tí òjò bá ṣú, tí mànàmáná kọ lẹ́ẹ̀kan, ẹ padà sí èbúté. Kò sí ìgò tó tó ẹ̀mí. Tó bá jẹ́ etí omi lẹ ti ń bù ú, ẹ wọ bàtà òjò, pàápàá níbi tí omi kò ti ṣàn tí koríko sì wà, torí àwọn ìgbín kéékèèké ibẹ̀ lè gbé àtọ̀sí ajá.

Tí ẹ bá dé ojúkò, kí ọlọ́kọ̀ pa ẹ̀ńjìnnì. Ìdí ọkọ̀ ni epo àti èéfín ń gbà jáde, nítorí náà iwájú ọkọ̀ ni kí ẹni tó ń bu omi jókòó sí, kó kọjú sí ibi tí omi ti ń ṣàn bọ̀. Ẹ jẹ́ kí omi rọlẹ̀. Ìgbà kan wà tí a kánjú, tí ọ̀rẹ́ mi fi ọ̀pá gún ìsàlẹ̀ kí ọkọ̀ lè dúró. Ẹrẹ̀ dìde bí ẹní da kókò sínú omi. Bàbá ọlọ́kọ̀ wa kò tiẹ̀ yíjú padà: "Ẹ̀yin olómi, omi lẹ wá bù àbí ẹrẹ̀?" Ìdákọ̀ró la ń lò látìgbà náà, a sì ń dúró kí omi gbé ẹrẹ̀ tó bá dìde kọjá lọ kí a tó bù ú.

Ẹ kọ́kọ́ wọn ohun tí kò lè dúró de láàbù: ooru omi, pH, bí omi ṣe ń gbé iná tó, àti ọ́síjìn. Ẹ̀rọ náà á kọ́kọ́ máa sáré sókè sódò. Ẹ dúró dè é títí yóò fi fìdí mọ́lẹ̀, kí ẹ tó kọ nọ́ńbà.

Lẹ́yìn náà, bíbù. Ìbọ̀wọ́ tí kò ní àtíkè nínú ni kí ẹ wọ̀. Ìgò ti kòkòrò ni kó ṣáájú, kí ọwọ́ yín tó kan nǹkan mìíràn. Ẹ ṣí ìdérí, ẹ dojú rẹ̀ dé nínú ọwọ́ yín, ẹ má gbé e kalẹ̀ sínú ọkọ̀. Ẹ ki ìgò bọ omi ní ìdojúdé títí omi fi dé ìgbọ̀nwọ́ yín, ìyẹn bíi sẹ̀ǹtímítà 30. Níbẹ̀ ni kí ẹ ti yí ẹnu rẹ̀ sókè, kó kọjú sí ìṣàn. Bẹ́ẹ̀ ni epo àti ìdọ̀tí ojú omi kò fi ní wọlé. Tó bá wá jẹ́ epo ojú omi gan-an lẹ ń wá, ojú omi ni kí ẹ ti bù ú, pẹ̀lú gíláàsì, láìṣàn án.

Àwọn ìgò yòókù, ẹ fi omi ibẹ̀ ṣàn wọ́n lẹ́ẹ̀mẹta, kí ẹ da èyí tí ẹ fi ṣàn án sẹ́yìn ọkọ̀. Ẹ má ṣan ìgò ti kòkòrò, ìgò ti epo àti oògùn apakòkòrò, àti ìgò tí ásíìdì ti wà nínú rẹ̀. Ẹ fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ lókè ìgò ti kòkòrò, kí láàbù lè rí i mì. Ti ọ́síjìn ni kò gbọdọ̀ ní àyè rárá.

Ìgò ọ́síjìn, níbi tí ọ̀pọ̀ ti ń kùnà

Mo fẹ́ dúró níbí díẹ̀. Ìgò náà ń gba mílílítà 300, ìdérí rẹ̀ jẹ́ gíláàsì tí wọ́n lọ̀ mú. Ẹ dẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sínú omi bí ẹni ń tẹ́ ọmọ sùn. Tí ẹ bá gbọ́ tó ń dún "kùlù-kùlù", afẹ́fẹ́ ti ń pò mọ́ omi, ẹ dà á nù kí ẹ tún un ṣe. Tó bá kún, ẹ dé e lábẹ́ omi níbẹ̀, ẹ gbé e jáde, ẹ dorí rẹ̀ kodò kí ẹ gbé e sí ìmọ́lẹ̀. Bí ẹ bá rí ìfófòó kan ṣoṣo, ì báà kéré bí ojú abẹ́rẹ́, omi yẹn kò dára mọ́.

Bí ẹ kò bá ní ẹ̀rọ, tàbí tí ẹ̀rọ yín bá ń ṣe ségesège, ọ̀nà Winkler, ìyẹn fífi kẹ́míkà wọn ọ́síjìn, ṣì wà. Ẹ fi pípẹ́ẹ̀tì kan mílílítà 1 manganese sulphate sínú ìgò náà, kí ẹnu pípẹ́ẹ̀tì wà lábẹ́ omi. Ẹ fi mílílítà 1 alkali-iodide-azide tẹ̀ lé e. Ẹ dé e, ẹ máa yí i lódìlódì bíi ẹ̀ẹ̀mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ẹ wá gbé e kalẹ̀, kí ẹ máa wò ó. Tí ọ́síjìn bá wà nínú omi náà, nǹkan á ṣù nínú rẹ̀ bí ògì bàbà, á máa rọra rọlẹ̀, omi tó mọ́ á sì máa yọjú lókè. Bí ọ́síjìn bá ṣe pọ̀ tó ni bàbà náà ṣe ń pọ́n tó. Tí kò bá sí ọ́síjìn rárá, funfun ló máa ṣù, bí ògì funfun gẹ́lẹ́. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo rí funfun yẹn, lábẹ́ koríko kan tó ti ń jẹrà. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ nínú ọkọ̀.

Tó bá ti rọlẹ̀ dé ìdajì ìgò, láàbù tàbí ẹ̀yin fúnra yín á fi ásíìdì sulphuric sí i, gbogbo rẹ̀ á yọ́, á di aláwọ̀ wúrà. Ẹ pa á mọ́ kúrò lójú oòrùn.

Nọ́ńbà kan tí ó yẹ kí ẹ fi sọ́kàn: omi aláìníyọ̀ tó wà ní ìwọ̀n ooru 30, bíi mílígíráàmù 7.5 ọ́síjìn ló lè gbà nínú lítà kan kó tó kún. Ewéko lè tì í kọjá bẹ́ẹ̀ ní ọ̀sán gangan. Àmọ́ bí ẹ̀rọ yín bá ń sọ fún yín pé 13 ni ní aago méje òwúrọ̀, ẹ̀rọ ni kí ẹ bá wí.

Ti BOD, ìyẹn ìwọ̀n ọ́síjìn tí àwọn kòkòrò inú omi ń lò, ìgò kejì ni. Láàbù á gbé e sínú òkùnkùn ní ìwọ̀n ooru 20 fún ọjọ́ márùn-ún. Ẹ béèrè lọ́wọ́ wọn, tìtìjú kọ́, ohun tí wọ́n ń ṣe tí iná bá lọ ní ọjọ́ kẹta.

Garawa tó bà wá lórúkọ jẹ́

Ní ọdún kan, okùn ohun èlò tí a fi ń fa omi láti ìsàlẹ̀ já. A yá garawa páànù lọ́wọ́ ẹnì kan ní èbúté, a fọ̀ ọ́, a ń fi bu omi lọ. Nígbà tí èsì dé, síǹkì pọ̀ ní gbogbo ojúkò, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Ọ̀kan nínú wa ti ń kọ ọ́ síwèé pé ilé iṣẹ́ kan ló ń da ìdọ̀tí sómi.

Ìgò kan ló yọ wá. Lójú omi lọ́jọ́ náà, a ti da omi distilled tí a gbé láti láàbù sínú garawa kan náà, a sì ti rọ ọ́ sínú ìgò bí ẹni pé omi ọ̀sà ni. Síǹkì wà nínú òun náà. Síǹkì ni wọ́n fi ń bo páànù garawa kó má baà dípẹtà. Ọ̀sà kò jẹ̀bi, ilé iṣẹ́ kankan kò jẹ̀bi.

Ìgò bẹ́ẹ̀ ni à ń pè ní blank, ẹ má sì ṣe lọ sómi láìní ó kéré tán ọ̀kan. Pure water kò lè dípò omi distilled náà, torí ó ní èròjà tirẹ̀. Ẹ tún máa bu ìgò kan ní ìlọ́po méjì nínú mẹ́wàá, láìsọ fún láàbù pé ìbejì ni wọ́n. Bí èsì àwọn ìbejì náà bá jìnnà síra, ọwọ́ ẹnì kan ló ń gbọ̀n.

Fún iṣẹ́ irin, ẹ pín ọwọ́. Ẹnì kan ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ohun mìíràn àyàfi ìgò. Ẹnì kejì ló ń ṣí kúlà, tó ń di okùn mú, tó ń gbé ẹ̀rọ. Ẹni tó bá fọwọ́ kan ẹ̀ńjìnnì kò gbọdọ̀ súnmọ́ ìgò irin títí ilẹ̀ fi máa ṣú.

Ọ̀nà Ìtóìkín kò mọ̀ pé ẹ ń kánjú

Àyẹ̀wò kòkòrò ló ń le jù. Ó yẹ kí láàbù bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é láàárín wákàtí 6. Nínú yìnyín, kò gbọdọ̀ kọjá 24. Nitrate, èròjà tó máa ń wá láti inú ajílẹ̀, àti BOD lè dúró títí wákàtí 48 nínú òtútù. Irin tí ẹ ti fi ásíìdì sí lè dúró oṣù mẹ́fà. Ìyẹn ni pé kì í ṣe gbogbo ìgò ló ń sáré bákan náà.

Nítorí náà, ẹ̀yìn ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka aago. Ká ní láàbù yín wà ní Akọ́kà, wọ́n sì ń ti ilẹ̀kùn ní aago mẹ́rin. Bí ẹ gba Ìtóìkín àti Ìkòròdú tàbí ẹ gba Ajah, ẹ fún ọ̀nà ní wákàtí mẹ́ta ààbọ̀. Ó ti di aago méjìlá ààbọ̀ tí ẹ gbọ́dọ̀ kúrò ní èbúté Ẹ̀pẹ́. Ìgò kòkòrò tí ẹ bù ní aago mẹ́sàn-án á pé wákàtí méje kó tó dé, ó ti kọjá wákàtí 6 tó yẹ. Ohun tí àwa máa ń ṣe ni pé a ń pín kúlà méjì: ẹnì kan á gbé ti kòkòrò wọkọ̀ lọ kíákíá, àwọn yòókù á máa báṣẹ́ lọ. Ẹ má sì lọ sómi ní ọjọ́ Ẹtì láé, àyàfi tí láàbù bá ti fi ẹnu ara wọn sọ pé àwọn máa wà níbẹ̀ ní Sátidé.

Ẹ tọ́jú ìgò sí ìwọ̀n ooru bíi 4, kí wọ́n má sì dì, torí ìgò gíláàsì á sán. Ìgò kọ̀ọ̀kan nínú ọ̀rá tirẹ̀, kí wọ́n dúró lóòró.

Ásíìdì: tó bá jẹ́ irin tó ti yọ́ sínú omi nìkan lẹ fẹ́, ẹ kọ́kọ́ sẹ́ omi náà nínú asẹ́ 0.45 micron, kí ẹ tó kan ásíìdì náítíríìkì sí i títí pH yóò fi wá sí abẹ́ 2. Tí ẹ bá fi ásíìdì sí i kí ẹ tó sẹ́ ẹ, irin tó wà lára ẹrẹ̀ á tú sínú omi, èsì á sì ga láìnídìí. Ẹ da omi díẹ̀ sórí bébà pH láti wò ó, ẹ má ti bébà náà bọ ìgò. Èbúté ni kí ẹ ti ṣe èyí, kì í ṣe nínú ọkọ̀ tó ń mì. Tó bá ta sí yín lára, omi púpọ̀, lójú ẹsẹ̀. Ibẹ̀ ni pure water inú kúlà tún ti wúlò.

Ìwé

Ẹnì kan ṣoṣo ni kó máa kọ̀wé, pẹ́ńsù ni kó fi kọ. Déètì, aago, àwọ̀ omi, òórùn, bóyá òjò rọ̀ lánàá, bóyá ẹnì kan ń fọ aṣọ nítòsí. Ohun tí ẹ rò pé ẹ kò ní gbàgbé lẹ máa gbàgbé.

Nọ́ńbà tí máàpù fóònù fún ojúkò, ẹ kọ ọ́ bí fóònù ṣe kọ ọ́. Ẹ̀pẹ́ wà ní bíi 6.58 ìhà àríwá. Ẹnì kan nínú wa ka 6.58 yẹn sí 6°58′, nígbà tó jẹ́ bíi 6°35′ ló yẹ kó jẹ́. Ó fi bíi kìlómítà 40 gbé ọ̀sà lọ sókè, ó kọjá Ìjẹ̀bú-Òde, ó bọ́ sí ìpele Ìjẹ̀bú-Igbó. Ẹni tó ka ìwé wa béèrè lọ́wọ́ wa ìgbà tí ọ̀sà débẹ̀.

Bí ẹ bá ní láti bu omi kànga tàbí borehole pẹ̀lú, ti borehole, ẹ ṣí ẹ̀rọ kó máa dà fún ìṣẹ́jú díẹ̀ títí ooru omi náà yóò fi dúró lójú kan, kí ẹ nu ẹnu rẹ̀ pẹ̀lú spirit, kí ẹ tó gbé ìgò sí i. Ti kànga, ìbéèrè yín ni yóò sọ. Bí omi inú kànga lẹ fẹ́ mọ̀, ẹ so ìgò mímọ́ mọ́ okùn. Bí omi tí wọ́n ń mu lẹ fẹ́ mọ̀, ẹ lo korobá onílé, ìdọ̀tí rẹ̀ mọ́ ọn.

Ní láàbù, ẹ má kàn gbé kúlà sílẹ̀ lọ. Ẹ jọ ka ìgò pẹ̀lú ẹni tó gbà á, kó fi ẹ̀rọ wọn ooru inú kúlà lójú yín, kẹ́ ẹ jọ fọwọ́ sí ìwé, aago náà síbẹ̀.

Tí èsì bá jáde, ẹ padà lọ sí Ẹ̀pẹ́. Ẹ kọ ọ́ ní Yorùbá sórí bébà kan, ẹ kà á fún baálẹ̀ àti àwọn tó gbé yín sómi. Nígbà tí mo ka tiwa, Bàbá ọlọ́kọ̀ tẹ́tí títí mo fi parí, ó wá ní:

"Ṣé ẹja ibẹ̀ wá ṣe é jẹ?"

"Bàbá, omi la yẹ̀ wò. A ò yẹ ẹja wò."

Ó wo kúlà mi, ó wo ojú mi. "Ẹ padà wá mú ẹja lọ nígbà náà. Ṣùgbọ́n owó ẹja yàtọ̀ sí owó ọkọ̀ o."